Ẹ fa wáyà kẹ́ ẹ tó kan bọ́ọ̀dù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ fi bọ́ọ̀dù gypsum (pátákó bí ẹfun tí bébà bo ojú rẹ̀) dá yàrá ẹrù yín sí méjì káwọn ọmọ lè ríbi kàwé, kẹ́ ẹ sì ri gílóòbù mọ́ àjà, ẹ wá ń bèèrè bóyá èèyàn lè dá a ṣe. Ó ṣe é dá ṣe. Mo dá tèmi ṣe nílé wa ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo ṣe ti àkọ́kọ́. Gbogbo nǹkan ń yára gbẹ, inú mi ń dùn, mi ò tiẹ̀ gòkè lọ wo páànù. Àfi bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe dé. Ìṣó páànù kan ti yọ, omi ń kán sórí àjà mi látàárọ̀ dalẹ́, bọ́ọ̀dù yẹn sì rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n tì bọ tíì. Kò ṣe é tún ṣe, ńṣe ni mo yọ ọ́ dànù.

Ti wáyà ló wá dùn mí jù. Mo ti bo ògiri tán kí síkúrúù kan tó gún wáyà tó lọ sókè, ni bréékà bá já. Odindi ọ̀sán ni mo fi wá ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa gbogbo wáyà kẹ́ ẹ tó kan bọ́ọ̀dù kankan: wáyà 1.5 mm² fún gílóòbù, 2.5 mm² fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kó gba àárín igi tẹ́ ẹ máa kan bọ́ọ̀dù mọ́ kọjá, kó má gba etí igi. Ẹ na téèpù ìwọ̀n sára ògiri, kẹ́ ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti bò ó, ẹ ò ní rántí.

Ẹ má sì sọ pé iná ò sí, kẹ́ ẹ wá máa fọwọ́ kan wáyà o. Iná NẸ́PÀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bréékà ni kẹ́ ẹ pa, kẹ́ ẹ sì pa ẹ̀rọ inverter náà tẹ́ ẹ bá ní.

Bọ́ọ̀dù fẹ̀ ní mítà 1.2, torí náà ẹ to igi ní sẹ̀ǹtímítà 60 síra wọn, kí etí bọ́ọ̀dù méjì lè pàdé lórí igi. Mítà kan ni mo fi àyè sí i nígbà àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá fara ti ògiri, ògiri á máa mì. Orí síkúrúù kó wọlé díẹ̀, kó má ya bébà ojú rẹ̀. Ẹ fi ìbòmú bomú tẹ́ ẹ bá ń fi sáńpépà họ ọ́.

Tó bá wá ku ká so wáyà mọ́ àpótí bréékà, ẹ pe oníná. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi ò tó owó bọ́ọ̀dù tí mo dà nù.