Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kí Ló Sọ Ọmọ Jẹ́jẹ́ Di Oníjà ní Ilé-Ìwé?

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi jẹ́ ẹni ọdún 15, ó sì wà ní SS1 ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni a mọ̀ ọ́n sí nílé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí pé ó fi ẹsẹ̀ àga fọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórí, wọ́n sì bá ọ̀bẹ nínú báàgì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ nà án títí, kò sọ ìdí kankan. Àwọn ẹbí ní ọwọ́ ayé ni. Kí ló lè fa irú èyí, kí sì ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àfaradà, Màmá. Nínú iṣẹ́ olùdámọ̀ràn tí mo ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama, ọ̀bẹ inú báàgì ni mo máa ń kọ́kọ́ wádìí kí n tó wádìí ìjà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbé nǹkan ìjà pamọ́ ni ẹ̀rù ń bà. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí pé àwọn kan ń dènà dè é bí ó bá ń bọ̀ wálé, tàbí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, tí wọn kò mọ sí yunifásítì nìkan mọ́, ti ní kí ó bá wọn ṣe tàbí kí ó jẹ ìyà. Ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ tí kò rí ẹni sọ fún yóò máa gbé e mì, títí ohun kékeré kan yóò fi mú un bú gbàù.

Ìjà tún jẹ́ ohun tí ojú ń kọ́. Ní ọdún 1961, Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, kó àwọn ọmọdé 72 jọ, ó sì jẹ́ kí àwọn kan nínú wọn wo àgbàlagbà tó ń lu ọmọlańgidi onírọ́bà, tó sì ń fi òòlù gbá a. Nígbà tí àwọn ọmọ náà fojú kan ọmọlańgidi ọ̀hún, àwọn tó ti rí bí àgbàlagbà náà ṣe lù ú ni wọ́n lù ú jù, bí àgbàlagbà náà sì ṣe lù ú gan-an ni wọ́n ṣe lù ú. Ọmọ tiwa ń rí i kí wọ́n máa fi ẹgba parí ọ̀rọ̀ nílé, kí àwọn ọmọ gáréèjì sì máa fi ìgò parí tiwọn. N kò sọ èyí láti dá bàbá rẹ̀ lẹ́bi, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Àmọ́, ẹgba kò lè mú kí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà dárúkọ ẹni tó ń dẹ́rù bà á.

Ẹ kíyèsí oògùn pẹ̀lú. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de síróọ̀bù ikọ́ tó ní codeine ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n tramadol, ìyẹn oògùn ìrora tó lágbára, àti Colorado, ìyẹn igbó tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, ṣì ń dé ọwọ́ àwọn ọmọ. Bí owó bá ń sọnù nílé, tí oorun rẹ̀ sì yí padà, ẹ má ṣe fojú fò ó.

Ní ti ọwọ́ ayé, n kò ní bá ẹbí yín jiyàn. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe mú un lọ síbi tí wọn yóò ti dè é mọ́lẹ̀ tàbí nà án. Bí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ó ń sọ pé òun yóò pa ara òun, Ilé-Ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ mú un jáde, ẹ̀yin méjèèjì péré, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ kò ti ní jẹ́ kí ẹ máa wo ara yín lójú. Ẹ bi í pé, “Ta ni ò ń bẹ̀rù?” Ẹ dákẹ́, kódà bí ìdáhùn bá pẹ́. Bí ó bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe lọ pariwo nílé onítọ̀hún. Ọ̀gá ilé-ìwé ni kí ẹ bá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n lè yí ibi tí ọmọ ń jókòó padà, kí ẹnìkan sì máa mú un wálé fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí òun àti bàbá rẹ̀ bá yín lọ sílé ọmọ tó fara pa. Ẹ san owó ìtọ́jú, kí ọmọ yín sì fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ àforíjì, níwájú ọgbẹ́ tí ó dá.