Kíkan tí gàrí Ìjẹ̀bú kan ò pa ṣúgà inú ẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, metformin ni wọ́n ń lò. Ìyá alágbo kan ní Ṣàgámù ní kí wọ́n pa oògùn òyìnbó tì, kí wọ́n máa mu omi ewúro, gàrí Ìjẹ̀bú nìkan sì ni kí wọ́n máa jẹ, pé kíkan tó kan ti pa ṣúgà inú ẹ̀. Ewúro wo ló dáa jù, èyí tí wọ́n fọ̀ àbí èyí tí wọn ò fọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ fi ewúro sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ gàrí yẹn ló ń bí mi nínú, torí ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú Òde níbí, àwọn tó ń sọ ọ́ ò sì mọ iye èèyàn tí wọ́n ń ṣe ní jàǹbá.

Tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, tí wọ́n dì í sápò, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń mú kó kan, wọ́n sì ń bá wa dín májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀ kù, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Àmọ́ stáàṣì ò kúrò níbẹ̀ o! Nínú gíráàmù 100 gàrí gbígbẹ, ohun tó lé ní 80 ló máa di ṣúgà nínú ara. Glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wa, tí wọ́n sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ni stáàṣì, itọ́ ẹnu àti omi inú ìfun ló ń já okùn ẹ̀. Ẹ fi iṣu sísè sẹ́nu, ẹ rún un pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé e mì, ẹ máa rí i pé ó ń dùn díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bu ṣúgà sí i. Kíkan yẹn lè mú kó falẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, kò sọ ọ́ di nǹkan míì.

Ohun kan náà ni mò ń sọ fún àwọn tó sá kúrò nídìí ẹ̀bà lọ sídìí wíìtì àti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n wá ń rokà bí òkè Olúmọ. Kó má ju ìkúùkù ọwọ́ màmá lọ, ohun yòówù kó jẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja kí wọ́n tó kan òkèlè. Lọ́dún 2015 ní New York, wọ́n dán an wò lára èèyàn 11 tó ní ìtọ̀ ṣúgà, nígbà tí wọ́n fi búrẹ́dì ṣe ìgbẹ̀yìn, ṣúgà wọn ò gòkè tó ìgbà tí wọ́n fi í ṣáájú. Èèyàn 11 kéré, mo mọ̀, àmọ́ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ìkọ́kọ́rẹ́ ni kò ṣeé yà bẹ́ẹ̀, àwa náà tún wá ń fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́, ewùrà pẹ̀lú gàrí nínú àwo kan ṣoṣo! Kí wọ́n mú ọ̀kan.

Ewúro ńkọ́? Èkúté ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí ẹ̀. Kí wọ́n fi se ọbẹ̀, ó dáa, àmọ́ kì í ṣe arọ́pò metformin. Àwọn kan ń fi oògùn sílẹ̀ lóòótọ́ o. Nínú ìwádìí DiRECT tí wọ́n gbé jáde ní Britain lọ́dún 2017, nínú èèyàn 100 tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín sísanra kù, bíi 46 ni ṣúgà wọn wálẹ̀ láìlo oògùn lẹ́yìn ọdún kan, àmọ́ sísanra tí wọ́n dín kù ló ṣe é, ara àwọn tí àìsàn náà ò tíì ju ọdún 6 lọ ni wọ́n sì ti ṣe é, lábẹ́ àbójútó dókítà.

Mi ò rí màmá yín, mi ò rí ìwé àyẹ̀wò wọn, ẹ má fi èyí ṣe ìtọ́jú. Àmọ́ tí wọ́n bá ti dá metformin dúró, ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà wọn lọ́la, ẹ gbé ike oògùn wọn dání, ẹ ní kí wọ́n ṣe HbA1c, òun ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù 3 sẹ́yìn. Tí èébì bá ń gbé wọn, tí wọ́n ń mí gúlegúle tàbí tí oorun ń kùn wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má dúró de ọ̀la.