Omi ẹ̀yìn ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ẹ ní ilẹ̀ tí ẹ rà ní Kabba dà gẹ̀rẹ́ láti ara òkè, pé ẹ fẹ́ mọ ògiri mítà 3 tí yóò dá yẹ̀pẹ̀ dúró, àmọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn débi pé ẹ̀rù ń bà yín. Gígùn yẹn kọ́ ni kí ẹ máa bẹ̀rù. Omi tó bá dúró sẹ́yìn ògiri, ì báà fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù, ì báà má ju àlàfo tí ọwọ́ lè wọ̀, bákan náà ló ń ti ògiri. Bó ṣe jìn tó la ń wò.

Lójú omi lókè, kò sí agbára kankan. Mítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi sọ̀kalẹ̀, ẹ fi 9.81 kN (kilonewton, òṣùwọ̀n agbára) kún un lórí ìwọ̀n mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Nísàlẹ̀ mítà 3, ó ti di 29.4. Ẹ mú ìdajì rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 3: 44 kN fún mítà kọ̀ọ̀kan gígùn ògiri. Tọ́ọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ nìyẹn, ó sì ń tì í níbi tó fi mítà kan ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Mítà kan gígùn ògiri búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9, bí ẹ tilẹ̀ ki kọnkéré sínú ihò rẹ̀, kò wọn tó tọ́ọ̀nù 2.

Ẹ ó ní yẹ̀pẹ̀ ni tiyín. Yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tó dáa á ti ògiri yẹn ní nǹkan bíi 27 kN. Bí òjò bá wá rọ̀ tí omi ò ríbi gbà, omi á gbé yẹ̀pẹ̀ fúyẹ́, tirẹ̀ á wálẹ̀ sí bíi 15, ṣùgbọ́n 44 ti omi á gorí ẹ̀. Ó di 59.

Wọ́n pè mí síbi ọ̀kan tó wó ní Ìsánlú lásìkò òjò. Kò fọ́ wẹ́wẹ́ o, odidi ló dojú bolẹ̀, ó já láti orí ìlà búlọ́ọ̀kù kejì. Wọ́n mà fi páìpù tí omi ẹ̀yìn ògiri á máa gbà jáde sí i! Nígbà tá a gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, amọ̀ pupa ti dí ẹnu páìpù gbọin bí èdídí ìgò. Ẹni tó mọ ọ́n ò da òkúta kankan sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà ló gbà pé ọ̀ṣọ́ ni páìpù.

Ẹ da òkúta gíráńáìtì sẹ́yìn ògiri látìsàlẹ̀, kó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ fi aṣọ tó ń sẹ́ omi là á láàárín òun àti yẹ̀pẹ̀. Ẹ la gọ́tà sókè kí àgbàrá òkè má bàa wọlé síbẹ̀. Bí àyè bá wà, ẹ pín in sí ògiri méjì, mítà kan ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jìnnà síra dáadáa: agbára omi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan á wálẹ̀ sí 11 kN. Ti irin rọ́ọ̀dù, ẹnjiníà tó bá wo ilẹ̀ yín ló lè sọ ọ́.

Kí ẹ tó san owó ìkẹyìn fún bíríkìlà, ẹ da kẹ́ẹ̀gì omi bíi mélòó kan sórí òkúta ẹ̀yìn ògiri náà, kí ẹ wá lọ dúró níwájú páìpù.