Gbúre ẹ̀yìnkùlé: ṣé kí n já a sè ni, àbí kí n tu ú dànù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni gbúre, tẹ̀tẹ̀ àti pápásan ti ń lalẹ̀ hù lẹ́yìnkùlé wa ní Sùúrùlérè. Ìyá ọkọ mi ń já wọn sè, wọ́n ní ohun tí àwọn jẹ dàgbà nìyẹn. Ọkọ mi ní koríko ni, pé mi ò gbọdọ̀ fún àwọn ọmọ jẹ. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ̀fọ́ ni Màmá ń já. Gbúre yín àti èyí tí wọ́n ń dì tà lọ́jà, ọ̀kan náà ni. Tẹ̀tẹ̀ kò sì kúkú tẹ́ rí láwùjọ ẹ̀fọ́. Pápásan tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá, oúnjẹ gidi ni ní Tọ́kì àti Gíríìsì.

Àmọ́ ẹ̀rù tó ń ba bàbá àwọn ọmọ kì í ṣe lásán. Ilẹ̀ tí ewé náà hù sí ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ wọléwọlé, ibi tí gbúre ti máa ń tutù yọ̀yọ̀ jù nínú ọgbà ni ibi tí ṣàlángá ti ń jò. Mo débì kan rí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo fi igi ya ìdí rẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, òórùn rẹ̀ sì lé mi sẹ́yìn. Onílé ti já lára rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Kòkòrò ìgbẹ́, iná lè pa á bí ẹ̀fọ́ bá jinná dáadáa. Òjé, irin olóró tí òyìnbó ń pè ní lead, ni iná kò ràn. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣáàjì bátìrì ọkọ̀ rí, tàbí tí wọ́n ti ha ọ̀dà àtijọ́ sí, òjé lè wà níbẹ̀ di òní. Etí títì náà ńkọ́? Epo pẹtiróò olójèé ni ọkọ̀ fi ń rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó pa á tì nílẹ̀ Áfíríkà ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ní nǹkan bí 2006, òjé kì í sì í jẹrà. Bí ẹ bá fọ ewé, eruku ara rẹ̀ á lọ. Èyí tí gbòǹgbò ti fà mu, kò sí iyọ̀ tàbí omi gbígbóná tó lè yọ ọ́. Ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, níbi tí erùpẹ̀ olójèé láti ibi ìwa góòlù ti pa ọ̀pọ̀ ọmọdé. Nítorí náà, ẹ bi onílé léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀.

Ẹ bi aládùúgbò náà bóyá ó ń fín oògùn apakoríko. NAFDAC ti fòfin de Paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù sínú ilé ẹlòmíràn ṣì lè pààyàn, kò sì ní ẹ̀rọ̀.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ku kí ẹ dá ewé mọ̀. Ẹ ṣẹ́ pápásan wò: ewé rẹ̀ ki, ó ń dán, igi rẹ̀ pọ́n díẹ̀, omi inú rẹ̀ kò ní àwọ̀. Ewé kan wà tó tẹ́ sílẹ̀ bíi tirẹ̀, àmọ́ oje funfun bíi wàrà ló máa ń jáde lára rẹ̀. Ẹ má jẹ ìyẹn rárá.

Ẹ bọ ẹ̀fọ́ náà lómi gbígbóná, kí ẹ da omi rẹ̀ nù, torí àwọn ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ní ohun tó lè di òkúta nínú kíndìnrín. Ẹni tí kíndìnrín ti ń yọ lẹ́nu, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́.

Bí ilẹ̀ yín bá mú iyèméjì dání, ẹ gé igi gbúre mélòó kan, ẹ já ewé orí wọn dànù, kí ẹ gún wọn sínú àpò ìrẹsì tí ẹ rọ erùpẹ̀ tó mọ́ sí. Kò ní pẹ́ ta gbòǹgbò. Kí Màmá máa bomi rin ín láràárọ̀, omi ẹ̀rọ ni o, kì í ṣe omi gọ́tà.