Ta Ni Ó Ka Àádọ́jọ Ìràwọ̀ Náà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á ní Oṣù Kejìlá tó kọjá pé òjò ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Geminids máa ń mú ìràwọ̀ 150 já láàárín wákàtí kan. Èmi àti àwọn ọmọ mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láti agogo mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́ títí di mọ́kànlá àbọ̀, mẹ́wàá péré ni a rí. Ta ni ó ka 150 yẹn, ènìyàn ni tàbí kámẹ́rà? — Òǹkàwé yín ní Ìbarà, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ẹ kò sì ṣì í kà. 150 kì í ṣe iye tí a fi ojú rí. Iye tí a ṣírò ni, fún ẹni tó wà níbi tí òkùnkùn ti ṣú biribiri, tí ojúsun òjò náà, ìyẹn ibi tó dà bí ẹni pé gbogbo ìràwọ̀ rẹ̀ ti ń jáde, sì wà ní òkè orí rẹ̀ gan-an. Ní Abẹ́òkúta, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá alẹ́, ojúsun yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè dé nǹkan bí dígírì 30 ni, èyí tó gé 150 sí ìdajì. Ó ku 75. Ọyẹ́ àti iná ìlú sì lè bo ìpele ìmọ́lẹ̀ méjì mọ́ ojú lára (ìpele yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń to ìràwọ̀ láti èyí tó mọ́lẹ̀ jù dé èyí tó ṣókùnkùn jù), bẹ́ẹ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ óò fi nǹkan bí 2.5 pín iye tó wà nílẹ̀. Méjìlá ló máa ṣẹ́kù. Mẹ́wàá tiyín dára púpọ̀.

Kámẹ́rà náà kì í bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n òun máa ń gbé ẹ̀rí rẹ̀ dání. Ó ń ya bí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Geminids ń sáré ní kìlómítà 35 ní ìṣẹ́jú àáyá, níbi tó ga tó nǹkan bí kìlómítà 100. Èyí tó bá tàn fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yóò hàn nínú àwòrán bíi méjìlá, gẹ́gẹ́ bí ìlà kékeré tó ń sún síwájú. Kọ̀ǹpútà á fa ìlà náà padà sẹ́yìn, bó bá sì kọjá nítòsí ìràwọ̀ Castor, tó wà lẹ́bàá ojúsun náà, tí ìyára rẹ̀ sì bá a mu, a kà á mọ́ Geminids. Àwọn ìràwọ̀ tí kì í já, tí wọ́n wà nínú àwòrán kan náà, ni wọ́n ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ríran tó ní ìṣẹ́jú yẹn. Bí ìkùukùu bá bo ìdajì ojú ọ̀run, a ó yọ ìdajì kúrò nínú ibi tí a kà pé kámẹ́rà rí. Ohun tó ń tìdí rẹ̀ jáde ni iye ìràwọ̀ tó gba ibi tó fẹ̀ tó kìlómítà 100 ní gígùn àti 10 ní ìbú kọjá ní wákàtí kan. Lójú tèmi, iye yìí ṣeé gbára lé ju 150 lọ, nítorí ó ṣeé fi wé ti ìlú mìíràn.

Ekuru tó ń jó lójú ọ̀run ni ìràwọ̀ tó ń já. Ní ti bí ekuru náà ṣe tóbi tó, ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ ọ́: a ó fi iye àwọn tó mọ́lẹ̀ gan-an wé iye àwọn tó ṣókùnkùn, a ó sì mọ bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe pọ̀ tó láàárín iyẹ̀pẹ̀ tó ti ara Phaethon wá, ìyẹn òkúta òfuurufú tí a rí ní 1983. Kámẹ́rà kan ṣoṣo kò lè wọn gíga. Ó gba méjì tó jìnnà síra, bí ọ̀kan bá wà ní Abẹ́òkúta tí èkejì wà ní Ìbàdàn, tí àwọn méjèèjì kọjú sí ibì kan náà. Irú èyí ni onímọ̀ ìràwọ̀ Peter Jenniskens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò ní California láti 2010.

Ní ọdún yìí, ẹ jẹ́ kí ó di agogo méjì òru 14 Oṣù Kejìlá kí ẹ tó jáde, nígbà tí ojúsun náà bá ti kọjá dígírì 60. Ẹ kọ ìràwọ̀ tó ṣókùnkùn jù tí ojú yín rí sílẹ̀ pẹ̀lú iye tí ẹ kà, nítorí láìsí ìyẹn, a kò ní rí nǹkan kan ṣe sí i.