Àgbọ̀nrín Ẹ̀gbẹ́ Òkè: Kí O Tó Ra Ìbọn

Àbúrò mi tó ń gbé Ṣómólú, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní ilé bàbá yín wà ní Ìdànrè, o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ àgbọ̀nrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè níbẹ̀ bí òjò bá ti dá, o sì ń bèèrè bóyá ìbọn ẹlẹ́nu kan ni kí o rà tàbí ẹlẹ́nu méjì. Màá dé orí ìbọn. Ṣùgbọ́n lọ́dún àkọ́kọ́, jọ̀ọ́, má gbé ìbọn rárá. Wá ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ, bá a gbé àpò, bá a gbé àdá, kí o máa wo ibi tó ń gbé ẹsẹ̀ sí. Afẹ́fẹ́ ló ń lé ẹran lọ mọ́ ọdẹ tuntun lọ́wọ́, ìkánjú lẹ́yìn tí ìbọn bá dún ló sì ń jẹ́ kí ẹran tó ti kú tán sọnù.

Má jẹ́ kí àwọn tí ń kọ́ni ní ọdẹ lórí YouTube láti Amẹ́ríkà tàn ọ́. Ẹran tiwọn kọ́ ni tiwa. Ìwo tiwọn ń já bọ́ lọ́dọọdún, ó sì ń hù padà. Ìwo àgbọ̀nrín tiwa kì í já, akọ nìkan ló sì ní in. Tiwa ń dá rìn ni, igbó dídí tí kò jìnnà sí omi ló fẹ́ràn, àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ títí wọ òru ló sì fi ń jẹun. Àwọn tó ń ta oògùn apòórùn-ara, owó rẹ ni wọ́n ń dẹ. Aṣọ tí o máa wọ̀ lọ, omi lásán ni kí o fi fọ̀ ọ́, sá a síta kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, má fín lọ́fínńdà, má fi róòbù para. Ó tán.

Afẹ́fẹ́ òkè ní àsìkò. Bí oòrùn bá ti ń ta sí àpáta láàárọ̀ tí àpáta sì ń gbóná, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Bí oòrùn bá ń wọ̀ tí àpáta ń tutù, á yí padà, á máa ṣàn lọ sí àfonífojì bí omi. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti ga, òkè ni kí o wà kí ẹran wà nísàlẹ̀ rẹ. Nírọ̀lẹ́, ìsàlẹ̀ ni kí o ti máa bọ̀. Ẹni tó bá fi ìrọ̀lẹ́ jókòó sórí àpáta lókè ibi tí ẹran ti ń jẹ, òórùn rẹ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ ẹran kí òun tó rí i. Àgbọ̀nrín á gbó lẹ́ẹ̀kan bí ajá, ìró tó wúwo tó sì le. Bí o bá ti gbọ́ ìyẹn, ó ti mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Kúrò níbẹ̀ fún ọjọ́ náà. Ìgbà tó burú jù ni àkókò tí afẹ́fẹ́ ń yí padà gan-an, torí á máa fẹ́ síhìn-ín, á máa fẹ́ sọ́hùn-ún. Jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi mú ọ̀nà kan.

Bí o ṣe máa mọ̀ nìyí. Bu eérú igi ẹ̀kúnwọ́ kan, jọ̀ ọ́ kó kúnná, dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, so ó mọ́ bẹ́líìtì. Bí o bá ti rin ìṣísẹ̀ 20 sí 30, fi ìka gbá a pẹ́ẹ́. Eérú á jáde bí èéfín. Máa wò ó títí kò fi hàn mọ́, torí ó lè kọ́kọ́ forí lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ, kó dé ìdí àpáta ńlá kan, kó ṣẹ́rí padà sí ibi tí ẹran wà gan-an. Má lo páúdà ọmọdé dípò eérú. Òórùn rẹ̀ nìkan á tú ọ fó.

Wíwá ibi tí ẹran ń rìn kò le. Ipa pátákò méjì tó ṣonṣo níwájú, wá a létí omi, lábẹ́ igi ìyeyè tí èso rẹ̀ ń bọ́, ní oko ẹ̀wà tí nǹkan ti ń já ewé rẹ̀ jẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó bá ṣì ń dán, tuntun ni.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni inú ti ń bí mi. Òfin ìbọn ti 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀, ìwé àṣẹ ni gbogbo wọn ń gbà. Wọn kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 tó ṣẹ́yìn. Ohun tó wà nínú ìwé òfin nìyẹn. Ohun tó wà lórí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ ni "padà wá lọ́la", "ọ̀gá ò sí nílé", "fọ́tò yìí kò mọ́lẹ̀". Ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé ní mẹ́ta, kọ ọjọ́ tí o fi sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀dà tìrẹ, kí o sì gba rìsíìtì fún gbogbo owó. Owó tí kò bá ní rìsíìtì, má san án. Má sì yá ìbọn bàbá rẹ lò. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí ìwé àṣẹ. Ẹni tó sọ fún ọ pé "gbé e, kò séwu" kọ́ ni yóò sun àgọ́ ọlọ́pàá.

Láti 2020 tí ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ti dé, ẹni tí a kò mọ̀ tó ń rìn nínú igbó lóru, ajínigbé ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè é. Jẹ́ kí Olúọ́dẹ àdúgbò mú ọ lọ hàn wọ́n. Dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa, kí o sì bèèrè ìpín tó tọ́ sí i lára ẹran kí ẹ tó jáde, má dúró di ìgbà tí ẹran bá wà nílẹ̀. Bèèrè ibi tí igbó ọba ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó kì í fi àmì síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ṣe ń múni níbẹ̀.

Wàyí o, ka ìsọ̀rí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Mítà 30 ni kí ẹran jìnnà sí ọ mọ kí o tó yìnbọn, bíi dánfó mẹ́fà tí wọ́n tò tẹ̀léra wọn. Lọ sí gáréèjì, wò ó, fi ojú mọ̀ ọ́n, torí lórí òkè ẹran tó wà nísàlẹ̀ máa ń dà bí ẹni pé ó wà nítòsí. Ẹ̀yìn apá iwájú, nísàlẹ̀ àyà, ni ọta ń lọ. Má yìnbọn sí ojú tó kàn ń tàn nínú iná tọ́ọ̀ṣì, àfi bí o bá rí ara. Ajá ọdẹ, ewúrẹ́, gbogbo wọn ló ní ojú tó ń tàn, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ sì lè wà lẹ́yìn wọn.

Bí ìbọn bá dún, má sáré. Dúró síbi tí o ti yìn ín. Fi ojú sàmì sí igi tàbí òkúta tí ẹran dúró tì, àti ibi tó gbà wọ igbó. Wo aago. Jókòó. Ọkàn rẹ á máa lù kìkì, ẹsẹ̀ á máa yún ọ, ẹni tó tẹ̀ lé ọ á máa sọ pé "jẹ́ ká lọ, á sọnù". Má lọ. Ẹran tí a kò lé, ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ni yóò dùbúlẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò kú sí. Èyí tí a lé á fi agbára ìkẹyìn sọdá àfonífojì, ọjọ́ kejì igún ni yóò fi ibi tó wà hàn ọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ó ti dùn mí dé egungun.

Lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú, rìn lọ síbi tó dúró sí, kí o wo ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hó bí ọṣẹ, ẹ̀dọ̀fóró ni, ẹran kò jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n dúdú, ẹ̀dọ̀ ni, dúró tó wákàtí 2 kí o tó tẹ̀ lé e. Omi aláwọ̀ ewé tó ń rùn, tí èérún ewé wà nínú rẹ̀, ìfun ni. Ìyẹn yẹ kó tó wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru tiwa á sì ba apá kan ẹran jẹ́, kò sí bí a ṣe lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi yìnbọn sí ikùn.

Kí o tó kúrò ní Èkó, ya aṣọ funfun sí ọ̀já 20. So ọ̀kan mọ́ ibi tí o bá ti rí ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn kí o tó wá òmíràn. Má tẹ ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí o máa rìn, kí o sì wo ara ewé ní ibi tó ga tó orókún, torí ara ẹran máa ń nù mọ́ ewé ju ilẹ̀ lọ. Ènìyàn méjì tó. Akọ tó fara gbọgbẹ́ ni kí o bẹ̀rù. Ó lè yí po, kó ba sí ẹ̀gbẹ́ ipa tó gbà kọjá, kó fi ìwo dè ọ́. Má tẹ̀ ẹ́ lọ láti iwájú. Gba ẹ̀yìn, fi igi gígùn kan ẹyinjú rẹ̀. Bí kò bá ṣẹ́jú, ó ti kú.

Yọ ìfun kíákíá, má fọ́ àpò ìtọ̀. Ọdẹ tí o tẹ̀ lé á fi hàn ọ́.

Ẹran tó o bá bá ní kíkú láìmọ ohun tó pa á, má fọwọ́ kàn án. Ní 2023, àrùn anthrax wọ orílẹ̀-èdè yìí, ara ẹran ló sì ti ń ran ènìyàn. Ẹni tó bá ń da gamalín sí omi tàbí oúnjẹ láti fi pa ẹran, má bá a rìn. Májèlé yẹn ò kúrò nínú ẹran bí a bá sè é.

Bí a ṣe ń gbé ẹran sọ̀ kalẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lápá. Akọ kan lè ju 40 kg lọ, àpáta tí òjò pa sì ń yọ̀ bí ilá. Yọ ọta kúrò nínú ìbọn kí o tó gun àpáta tàbí kí o tó sọ̀ kalẹ̀. Fi 20 kg gàrí sí àpò, gbé e kọ́ èjìká, máa gun bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ ní Òjótà lókè-sódò fún oṣù méjì. Bàtà gíga tó dé ojúgun wà ní ọjà òkìríkà Kàtángúà, rà á kí o wọ̀ ọ́ rìn títí yóò fi mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Paramọ́lẹ̀ ń sùn nínú pàlàpálá àpáta, má fi ọwọ́ di àpáta mú láìwò ó. Bí ejò bá bù ọ́ jẹ, má fi abẹ sín ojú ibẹ̀, má fa á mu, má di í pinpin. Jókòó láìmira, kí wọ́n gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò.

Ní ti ìbọn: ẹlẹ́nu kan. Ó fúyẹ́ lórí òkè, ọta kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ á sì mú ọ dúró kí o rí ara ẹran dáadáa kí o tó fà á. Kí o tó sanwó, gbé e sí èjìká nígbà mẹ́wàá pẹ̀lú aṣọ ọdẹ lọ́rùn. Bí ìdí rẹ̀ bá ń kọ́ aṣọ, ó ti gùn jù fún apá rẹ, má rà á.