Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Báwo ni ẹrù ṣe ń wọ Rhodesia nígbà tí gbogbo ayé ti fòfin dè é?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ń kọ ìtàn fíìmù kan tó dá lórí Rhodesia, orílẹ̀-èdè tó di Zimbabwe, ní àsìkò ogun abẹ́lé wọn. Ohun tó gbé e sí mi lọ́kàn ni fíìmù àtijọ́ kan tí mo wò, níbi tí oníṣòwò aláwọ̀ funfun kan ti ń wá bí yóò ṣe ra hẹlikópítà fún ìjọba Ian Smith láìka òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sí. Ìbọn ń dún, ọkọ̀ ń lé ọkọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí bí ọjà náà ṣe kọjá gan-an. Mo fẹ́ kí tèmi jọ òótọ́. Kí ni iṣẹ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà wo ni ẹrù ń gbà? Ṣé ó sì ní ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan Nàìjíríà, kí n lè fi ọmọ ilẹ̀ wa kan sí i? Akọ̀tàn fíìmù, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Iṣẹ́ kílíà ẹrù ni mo ṣe ní èbúté Àpápá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó máa bá àwọn tó ń ṣe fíìmù yẹ ìtàn wọn wò, nítorí náà ìwé ẹrù ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń wá nínú irú ìtàn báyìí. Ó jọ pé òun gan-an ni fíìmù tí ẹ wò fò dá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹrù tó wọ Rhodesia láàárín ọdún 1965 sí 1979 kì í ṣe ẹrù òru, ẹnikẹ́ni kò sì rù ú gba inú igbó. Ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n já a sílẹ̀ ní èbúté tó ní aṣọ́bodè, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e sórí ọkọ̀ ojú irin. Inú ìwé yẹn ni fàyàwọ́ wà.

Kí ẹ tó kọ ìran kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ ọdún tí ìtàn yín bọ́ sí, nítorí òfin náà kò dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1965 ni Smith, olóòtú ìjọba Rhodesia, àti àwọn aláwọ̀ funfun ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde òmìnira fúnra wọn kúrò lábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ìjọba má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn olórí ìjọba Kọmọ́nwẹ́ẹ̀tì pé jọ sí Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tafawa Balewa ló gbà wọ́n lálejò, ibẹ̀ sì ni Harold Wilson, olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, kì í ṣe ti oṣù, kí ìjẹníyà, ìyẹn kíkọ̀ láti bá Rhodesia ṣòwò, tó tẹ orí Smith ba. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìpàdé náà tí wọ́n fi pa Balewa nínú ìdìtẹ̀gbàjọba. Smith ní tirẹ̀ wà lórí àga títí wọ inú ọdún 1979. Ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 1966 ni Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ìjẹníyà ọrọ̀ ajé di dandan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ìtàn àjọ náà, ṣùgbọ́n àwọn ọjà kan péré ló kàn. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1968 ni wọ́n tó fẹ̀ ẹ́ dé orí ọjà gbogbo, àyàfi oògùn, ohun èlò ẹ̀kọ́ àti ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn ọdún, ẹ tẹ́ máàpù sílẹ̀. Rhodesia kò ní etíkun. Èbúté méjì tó ń lò, Beira àti Lourenço Marques tí à ń pè ní Maputo lónìí, wà ní Mozambique lábẹ́ àwọn Potogí. Gúúsù Áfíríkà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìjọba méjèèjì kọ̀ láti tẹ̀ lé òfin náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ ojú omi ogun lọ síwájú Beira, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pá epo tó lọ sí ilé ìfọpo Feruka, nítòsí Umtali, ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ elépo kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joanna V dé Beira ní oṣù kẹrin ọdún 1966, Ìgbìmọ̀ Aláàbò fún wọn láṣẹ láti fi agbára dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, wọ́n sì ṣọ́ ibẹ̀ títí di 1975. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Epo gba Lourenço Marques, ó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń lọ sí Rhodesia wẹ́rẹ́, òmíràn sì ń gba Gúúsù Áfíríkà wọlé. Ẹ má ṣe fi ọkọ̀ ogun tó ń lé ọkọ̀ elépo ṣe òpó ìtàn yín. Àwọn ọkọ̀ ogun wọ̀nyẹn ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà mọ́.

Ọ̀rọ̀ epo yìí ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ dúró lé lórí, nítorí pé òun ni àṣírí rẹ̀ tú jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí agbẹjọ́rò Thomas Bingham ṣe olórí rẹ̀. Ó hàn níbẹ̀ pé àwọn ẹ̀ka ilé iṣẹ́ Shell àti BP tó wà ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà lọ́hùn-ún ti lọ́wọ́ nínú epo tó ń dé Rhodesia fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba Smith ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bá a ra epo, Genta ni orúkọ rẹ̀, àwọn alárinà sì wà láàárín òun àti ẹni tó ń tà. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n dá ọgbọ́n mìíràn ní 1968: Total ti ilẹ̀ Faransé ni yóò gbé epo fún Rhodesia, Shell àti BP yóò sì fi epo tó tó iye kan náà dí i fún Total nínú Gúúsù Áfíríkà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá wá búra ní London pé epo Gẹ̀ẹ́sì kò kọjá ibodè, kò purọ́. Síbẹ̀, mọ́tò ń rìn ní Salisbury, olú ìlú Rhodesia tí à ń pè ní Harare lónìí. Ètò pàṣípààrọ̀ yìí wà fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àwọn kan nínú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1979, wọ́n pinnu pé wọn kò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀.

Ẹ wo irú ìran tí èyí lè di. Ọkùnrin méjì jókòó nínú ọ́fíìsì, tíì wà lórí tábìlì, ìwé ìṣirò ṣí sílẹ̀. Ọ̀kan béèrè ibi tí epo ń lọ lẹ́yìn tó bá kúrò lọ́wọ́ wọn. Èkejì dáhùn pé ọwọ́ oníbàárà ló ń lọ. Ẹni àkọ́kọ́ kò béèrè orúkọ oníbàárà, nítorí pé bí ó bá gbọ́ ọ, yóò ní láti ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo gbà pé òǹwòran yóò bẹ̀rù àwọn méjì yìí ju ẹni tó gbé ìbọn lọ.

Ẹrù tó ń jáde nílò irọ́ tirẹ̀. Tábà àti kúróòmù, ohun àlùmọ́ọ́nì kan tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, wà lára àwọn ohun tó ń mú owó ilẹ̀ òkèèrè wá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí akọni yín mú ìwé ẹ̀rí orírun ẹrù lọ́wọ́ kí kámẹ́rà sì sún mọ́ ọn. Orúkọ ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ wà lórí rẹ̀, ti ẹni tó ń gbà á wà níbẹ̀, irú ẹrù àti ìwọ̀n rẹ̀, orúkọ ọkọ̀, lẹ́yìn náà ìlà kan ṣoṣo tó sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti gbìn ín tàbí tí wọ́n ti wà á, àti òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò nísàlẹ̀. Gbogbo ohun tó kù lórí ìwé náà lè jẹ́ òótọ́. Ìlà kan yẹn ni wọ́n ń kọ Gúúsù Áfíríkà tàbí Mozambique sí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ayédèrú òǹtẹ̀ ni ẹ ó rí, nítorí pé ẹni tó ni òǹtẹ̀ gan-an ló lù ú.

Báwo ni àṣírí ṣe wá ń tú? Ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ láti mójú tó ìjẹníyà náà máa ń fi iye ọjà tí orílẹ̀-èdè kan sọ pé òun tà wé iye tí àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ pé àwọn rà. Bí tábà tí wọ́n ní ó ti Mozambique wá bá pọ̀ ju tábà tí Mozambique lè gbìn lọ, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn. Ní ti kúróòmù, ìdánwò kẹ́míkà lè tọ́ka sí ilẹ̀ tí wọ́n ti wà á. Ìgbìmọ̀ náà yóò wá kọ lẹ́tà sí ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn, ìjọba ọ̀hún yóò sì fèsì pé gbogbo ìwé pé pérépéré. Amẹ́ríkà kò tiẹ̀ fi tirẹ̀ pamọ́. Àtúnṣe òfin kan tí sẹ́nétọ̀ Harry Byrd gbé wá ní 1971 fún àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ láǹfààní láti ra kúróòmù Rhodesia ní gbangba, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ gbára lé ti Rọ́ṣíà, ó sì di 1977, nígbà ìjọba Jimmy Carter, kí wọ́n tó fagi lé e. Ní 1972, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti òṣìṣẹ́ èbúté fẹ̀hónú hàn ní Burnside, Louisiana, nígbà tí kúróòmù náà gúnlẹ̀.

Ní ti hẹlikópítà yín, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bàálù Boeing 720 mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ti lò rí balẹ̀ sí Salisbury ní 1973. Cessna oníbejì ẹ́ńjìnì tí wọ́n tò ní Reims ní ilẹ̀ Faransé dé ní 1976 fún iṣẹ́ ogun, hẹlikópítà Agusta-Bell 205 sì dé ní 1978. Àmọ́ lójú tèmi, rírà kọ́ ló ń pa irú oníṣòwò yín lára bí kò ṣe sípíà pátì, nítorí pé ẹ lè ra bàálù lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì sá lọ, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni ẹ ó máa padà wá ra ìdè àti táyà. Owó náà sì ń fa ya lápá méjèèjì: ẹni tó ń tà fún Rhodesia ń fi owó lé e nítorí ewu, ẹni tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ń ní kí ó dín owó kù nítorí ewu kan náà, alárinà sì ń gba tirẹ̀ láàárín. Fún iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́, ẹ fún un ní tẹ́lẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nígbà náà, ilé iṣẹ́ tí kò ní ju orúkọ lọ ní Switzerland, àti ìwé ìrìnnà ilẹ̀ mìíràn, nítorí pé àwọn orílẹ̀-èdè kò ka ti Rhodesia sí. Ẹ fún un ní ìbẹ̀rù ilé pẹ̀lú: títú irú àṣírí yìí jáde lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n ní Salisbury.

Nàìjíríà ńkọ́? Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí. Àkọ́kọ́ ni Jack Malloch, awakọ̀ òfurufú Rhodesia tó gbé ẹrù ogun fún Biafra. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yí owó padà ní oṣù kìíní ọdún 1968, kí owó tó wà lọ́wọ́ Biafra lè di bébà lásán, wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú Lomé pẹ̀lú owó pépà Nàìjíríà tí wọ́n ń fi tọ́ọ̀nù wọ̀n, ó sì ṣe ẹ̀wọ̀n ní Togo. Ọkùnrin yìí kan náà ló tún dá iléeṣẹ́ bàálù sílẹ̀ tó ń gbé ẹran màlúù Rhodesia lọ tà ní Gabon. Bí mo bá jẹ́ yín, pápákọ̀ Lomé yẹn ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà.

Èkejì ni ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1979, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo gba gbogbo ohun tí BP ní ní Nàìjíríà. Ìdí tí wọ́n sọ ni ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ epo tó kan Gúúsù Áfíríkà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì gan-an ni àpérò Kọmọ́nwẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ ní Lusaka, níbi tí wọ́n ti fẹ́ jíròrò lórí Rhodesia, Margaret Thatcher sì wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ló bá ìtàn yín mu jù: Nàìjíríà wà nínú Ìgbìmọ̀ Aláàbò ní 1978 àti 1979, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ náà ló sì ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìjẹníyà. Ẹ lè fi ọ̀dọ́bìnrin kan láti Ìjẹ̀bú sí New York, kí ó jẹ́ akọ̀wé kékeré nínú ikọ̀ wa, kí ó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ìwọ̀n ẹrù orí ìwé kan kò bára mu pẹ̀lú ti òmíràn.

Ẹ má ṣe sọ àwọn ajàjàgbara aláwọ̀ dúdú tó ń bá ìjọba Smith jagun di èrò ẹ̀yìn. Mozambique gba òmìnira ní 1975, ó sì ti ibodè rẹ̀ pa ní oṣù kẹta ọdún 1976, nítorí náà bí fíìmù yín bá wà ní 1978, ọ̀nà Gúúsù Áfíríkà nìkan ló kù tó nípọn, ní pàtàkì ojú irin tó gba Beitbridge ní ibodè. Ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún yẹn ni àwọn jagunjagun ZANLA, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ àwọn ajàjàgbara náà, yìnbọn sí àwọn táńkì epo tó wà ní Salisbury, iná náà sì jó fún ọjọ́ púpọ̀. Epo tí wọ́n fi ìwé irọ́ kó jọ ló jóná yẹn, ojú ìlú náà ló sì ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìtàn náà ní gbèdéke, ẹ lo ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 1979, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tó fòpin sí ogun náà ní Lancaster House ní London tí Ìgbìmọ̀ Aláàbò sì ká ìjẹníyà náà kúrò. Oníṣòwò yín lè ní ẹrù kan lójú omi ní ọjọ́ náà, èyí tó ti san owó méjì lé lórí nítorí òfin, tí ẹnikẹ́ni sì lè rà báyìí ní iye owó ọjà.